Kókó Ọ̀rá Inú Ọpọlọ: Ohun Tí Àwòrán Kọ́ Ọ̀bẹ
Ìtàn kókó ọ̀rá inú ọpọlọ fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí dókítà bá rí ló yẹ kó gbé ọ̀bẹ sí. Nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Rokitansky ṣàpèjúwe ọ̀kan ní 1856, inú òkú tí wọ́n là ni wọ́n ti sábà máa ń rí i. Ní oṣù Kẹwàá 1971, wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán CT tí onímọ̀ ẹ̀rọ Hounsfield ṣe ya ọpọlọ aláìsàn fúngbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lórí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ yìí, omi jẹ́ 0, ọ̀rá sì lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí -100, kó dúdú kirikiri nínú àwòrán. Bí ẹ̀rọ ayàwòrán MRI ṣe dé, àṣírí kókó náà tú pátápátá láìla orí ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè ní: bí wárápá bá ń gbé aláìsàn tó ní kókó yìí ńkọ́, ṣé kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́ ni? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ kókó yìí kì í sábà dàgbà, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọpọlọ típẹ́típẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fà á tu lè dá wàhálà tó ju wárápá lọ sílẹ̀. Oògùn ni wọ́n fi ń kápá wárápá. Bí omi bá sì ń kún orí, wọ́n á la ọ̀nà fún un. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá gbé e jáde, ẹ má kánjú béèrè fún iṣẹ́ abẹ.