Ọ̀fìnkìn Ọdún 1918 àti Àrùn Ọwọ́ Gbígbọ̀n

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun gbé àjàkálẹ̀-àrùn ọ̀fìnkìn wọ Èkó. Ọkọ̀ ojú irin sì gbé e dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Láyé ìgbà náà, àrùn oorun àsùnpiyè ń jà ní Yúróòpù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọwọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó là á já bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀fìnkìn ni àwọn ènìyàn dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n oníṣègùn von Economo ti kọ̀wé nípa àrùn oorun yìí ní Vienna ní ọdún 1917, kí ọ̀fìnkìn ńlá náà tó dé.

Lóòótọ́, kòkòrò àìfojúrí lè ba iṣan jẹ́; rọpárọsẹ̀ jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọwọ́ ìyá àgbà kan bá ń gbọ̀n ní Owódé, ẹ má ṣe pè é ní àjẹ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.