Los Angeles: Àwọn Tí Kò Sí Nínú Fọ́tò

Ẹ ki íápíìsì yín bọ etí dáadáa, nítorí ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn la fẹ́ rìn lónìí. Los Angeles là ń lọ, ìlú ńlá etí òkun ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oòrùn kì í fi ìlú náà sílẹ̀ pẹ́, ibẹ̀ sì ni Hollywood wà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá balẹ̀ síbẹ̀ lọ́la, mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ ó yọ fóònù, ẹ ó kẹ́yìn sí òkè, ẹ ó sì ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn lẹ́tà funfun gàgàrà mẹ́sàn-án yẹn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ta ló gbé lẹ́tà náà síbẹ̀?

Àwọn tó ń ta ilẹ̀ ni. Ní ọdún 1923, lẹ́tà 13 ló wà níbẹ̀: HOLLYWOODLAND. Wọ́n fi gílóòbù iná bíi 4,000 ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè rí i lóru, kó sì wá ra ilẹ̀ kọ́lé. Ọdún kan ààbọ̀ péré ni wọ́n ní kó lò kí wọ́n tó wó o. Ní ọdún 1949 ni wọ́n yọ LAND kúrò. Pátákó ìpolówó ilẹ̀ ni gbogbo ayé ń bá ya fọ́tò.

Kí ló wá gbé àwọn onífíìmù débẹ̀? Ní New York àti New Jersey, ní apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ni fíìmù ìgbà náà ń fẹ́, òtútù àti yìnyín ò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Thomas Edison àti àwọn alájọṣe rẹ̀ di ẹ̀tọ́ orí ẹ̀rọ ayàwòrán mú gírígírí. Ẹni tí kò bá sanwó fún wọn, ilé-ẹjọ́ ló ń lọ. Los Angeles jìnnà sí wọn. Oòrùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkè, òkun àti aṣálẹ̀ ò jìnnà síra wọn. Ní ọdún 1911, ilé-iṣẹ́ Nestor ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ní Hollywood, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nìyẹn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lọ sí àárín ìlú, sí gbàgede El Pueblo. Ibẹ̀ ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà Tongva ló ni ilẹ̀ yìí kí àwọn Sípéènì tó dé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1781, ènìyàn 44 tẹ ìlú tuntun dó síbẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Sípéènì: àgbàlagbà 22, ọmọdé 22. Ilẹ̀ tó di Mẹ́síkò lónìí ni wọ́n ti wá. Ó lé ní ìdajì wọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára. Ẹ tún un gbọ́ o: ó lé ní ìdajì àwọn tó dá Los Angeles sílẹ̀! Pátákó kan wà ní gbàgede náà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Ọ̀kan nínú wọn ni Luis Quintero, télọ̀ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, María Rita Valdez, ló wá ni oko ńlá kan tó ti ń sin màlúù. Ọdún 1854 ló tà á. Ẹ mọ ibi tí oko yẹn wà? Beverly Hills ni, ibi tí àwọn òṣèré olówó ń gbé lónìí.

Láti El Pueblo, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ọgbà kékeré kan nítòsí òpópónà Spring. Orúkọ Biddy Mason ni wọ́n fi pè é. Ẹrú ni wọ́n bí Biddy. Ní ọdún 1848 olówó rẹ̀ kó wọn láti Mississippi lọ sí Utah. Ẹsẹ̀ ni Biddy fi rìn, ó ń da ẹran lẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹṣin àti màlúù ń fà, ó sì tún ń tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn dé California, níbi tí òfin ti ka ẹrú níní léèwọ̀. Nígbà tí olówó rẹ̀ fẹ́ kó wọn lọ sí Texas, ọ̀rọ̀ di ilé-ẹjọ́. Òfin ò gba aláwọ̀ dúdú láyè láti jẹ́rìí tako aláwọ̀ funfun, nítorí náà yàrá adájọ́ ni Biddy ti sọ tẹnu ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1856, adájọ́ Benjamin Hayes dá òun àti àwọn 13 mìíràn sílẹ̀.

Biddy di agbẹ̀bí. Ó tọ́jú owó fún ọdún mẹ́wàá, ó sì ra ilẹ̀ ní òpópónà Spring ní 250 dọ́là. Ilé rẹ̀ ni ìjọ First AME, ìjọ aláwọ̀ dúdú tó pẹ́ jù lọ nílùú náà, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1872. Ó kú ní ọdún 1891. Títí di ọdún 1988, kò sí òkúta kankan lórí ibojì rẹ̀.

Hollywood náà ò ṣàì hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1940, Hattie McDaniel di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Oscar. Hótẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ náà kì í gba aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní láti bẹ̀bẹ̀ kí Hattie tó wọlé, tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n sì fi í jókòó sí. Ní ọdún 1945, àwọn aládùúgbò aláwọ̀ funfun pe òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n ń gbé ládùúgbò West Adams. Àwọn Hattie ló jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú ní ọdún 1952, itẹ́ òkú Hollywood tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí kò gbà á. Ibòmíràn ni wọ́n sin ín sí. Ọdún 1999 ni wọ́n tó gbé òkúta ìrántí rẹ̀ sí itẹ́ òkú Hollywood.

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Bí ẹ bá dé Los Angeles, ẹ ya fọ́tò tòkè yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá El Pueblo lórí máàpù fóònù yín, kí ẹ ka orúkọ Luis Quintero. Ẹ dé ọgbà Biddy Mason. Ẹ yà sí itẹ́ òkú Hollywood Forever, kí ẹ dúró díẹ̀ níwájú òkúta Hattie. Ẹ ya fọ́tò níbẹ̀ náà, kí ẹ sì kọ ìtàn wọn sábẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ yín lè mọ̀ wọ́n.

Ibi tí a máa dá a dúró sí lónìí nìyẹn. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra ìrìn àjò. Ó dìgbà o!