Ọwọ́ Òsì Kì í Ṣe Ọwọ́ Òṣì: Ìtàn Károly Takács àti Èkù Ìbọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Èkù ni ibi tí a ti ń di idà mú. Ẹni tó bá fiyè sí òwe yìí yóò rí i pé àwọn àgbà kò fi ẹnu idà wọn agbára. Èkù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí idà ti rí ni ìbọn ìléwọ́ náà rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì kan wo ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ọwọ́ tó fi mọ èkù dì bàjẹ́ nígbà tí ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là fún un.

Károly Takács ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Budapest ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1910. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì di sájẹ́ǹtì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1936, ó ti wà lára àwọn tó mọ ìbọn ìléwọ́ yìn jù lọ ní ilẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, kò bá wọn lọ sí Ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Berlin lọ́dún náà. Kì í ṣe pé ọta rẹ̀ kì í ba ojú àmì. Àwọn ọ́físà nìkan ni wọ́n ń gbà láàyè nínú ikọ̀ náà, sájẹ́ǹtì kì í sì í ṣe ọ́físà. Lẹ́yìn ìdíje yẹn ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Takács wá ń fojú sọ́nà fún ti ọdún 1940.

Ọdún 1938 ni àjálù dé. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ológun, bọ́ǹbù àfọwọ́jù kan tó ní àbùkù bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà bàjẹ́ débi pé kò ṣeé yìnbọn mọ́. Ó lo bí oṣù kan ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó jáde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìbọn sí ọwọ́ òsì, ó sì ń fi dánra wò ní kọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó ń kọ́ A, B, D. Ní ọdún 1939, ó yọ sí wọn níbi ìdíje gbogbo ilẹ̀ Họ́ńgárì. A gbọ́ pé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó wá wòran ni, wọ́n sì ń bá a kẹ́dùn. Ó ní òun wá bá wọn díje ni. Òun náà ló sì gba ipò kìíní.

Kí ló wá kọ́ ọwọ́ òsì náà? Níbí ni ọ̀rọ̀ èkù ti wọlé. Nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ ti Òlíńpíìkì, ọwọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń di ìbọn mú. Ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, èkù kò sì gbọdọ̀ gbé ọrùn ọwọ́ ró. Ìka mẹ́ta ìsàlẹ̀ ló ń fa èkù mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló ń dá fa irin tí ìbọn fi ń dún. Bí ìka mẹ́ta yẹn bá le jù ní ìgbà kan, tí wọ́n sì dẹ̀ ní ìgbà kejì, ẹnu ìbọn yóò yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí àlàfo irin ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, tí ti iwájú sì yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, ọta yóò fi sẹ̀ǹtímítà 12.5 yẹ̀ lójú àmì tó wà ní mítà 25. Lórí àmì tí wọ́n ń lò lónìí, máàkì 10 ti di 8 nìyẹn. Nínú irú ìdíje ti Takács, ọta márùn-ún ni wọ́n ń yìn sí àmì márùn-ún, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ẹni tó bá ń tún èkù dì nígbà tí apá ti gbéra, àsìkò ti kọjá lórí rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì kò jẹ́ kí ìdíje ọdún 1940 àti ti 1944 wáyé. Takács ti pé ẹni ọdún 38 kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1948. Carlos Enrique Díaz Sáenz Valiente, ọmọ Ajẹntínà tó jẹ́ akọni àgbáyé, ni ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ó bi Takács léèrè ohun tó wá ṣe, Takács sì fèsì pé òun wá kẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ka máàkì, Takács gba 580 nínú 600, Valiente gba 571. Wọ́n ní Valiente sọ fún un pé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ti tó. Ní Helsinki, lọ́dún 1952, ó tún gba góòlù pẹ̀lú 579. Máàkì kan péré ló fi ju Szilárd Kun, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì bíi tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti gba góòlù ìdíje náà lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú rẹ̀.

Ìgboyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí nínú ìtàn yìí. Àwa kò sẹ́ ìgboyà, ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kì í ba ojú àmì. Lójú tiwa, ohun tí bọ́ǹbù kò lè gbà lọ́wọ́ Takács ni ìmọ̀ bí èkù ṣe ń rí lọ́wọ́ nígbà tí a bá dì í dáadáa. Ìmọ̀ yẹn ló fi kọ́ ọwọ́ òsì. Nǹkan kejì ni pé bọ́ǹbù gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ipò ló kọ́kọ́ gba Òlíńpíìkì kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọ̀tún náà ì bá fi díje.

Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Síbẹ̀, ọwọ́ òsì ni ọmọ Budapest yìí fi júwe ilé baba rẹ̀ fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló ya òsì sọ́tọ̀ kúrò lára òṣì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gboyè jáde, ta ni ẹ mọ̀ nínú ìtàn tiwa tí ọwọ́ kan bàjẹ́ mọ́ lára, tó sì fi èkejì di èkù mú? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.