Náírà àti Àwọn Atẹ̀wé Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. A fẹ́ wo bí owó ṣe ń rìn káàkiri àgbáyé, iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń ṣe lé e lórí, àti ewu tí ó wà níbẹ̀ fún mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n a kò ní dúró sí New York tàbí London wò ó. Ṣómólú àti Bàrígà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni a ó jókòó sí.

Ìdí tí a fi yan ibẹ̀ kò fara sin. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú. Ní òpópónà Bajulaiye, ní Oguntolu, àti títí wọ inú Bàrígà, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jìnnà sí etí ẹni tí ń kọjá lọ. Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé àjákọ àti ìwé tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kà. Ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun èlò wọn kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Láti Jámánì ni ẹ̀rọ Heidelberg ti wá, òkè òkun sì ni yíǹkì, pléètì àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú bébà ti ń wá. Nítorí náà, bí iye náírà bá yẹ̀ díẹ̀ ní ìdojúkọ dọ́là, atẹ̀wé Ṣómólú yóò mọ̀ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú, ó ti bá imú pẹ̀lú. Lẹ́yìn atẹ̀wé, òbí tí ń ra ìwé fún ọmọ rẹ̀ ni ó kàn.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: kí ló dé tí ìpinnu tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ní ọ̀nà jíjìn fi ń dùn wá tó bẹ́ẹ̀? Èrò tèmi ni pé bí ìtàn wa ṣe rí, ìpinnu òkèèrè ni ó máa ń gbé ẹrù náà dé, ṣùgbọ́n ìdádúró tiwa ni ó ń sọ ọ́ di ẹrù tí ń ṣẹ́ ènìyàn lọ́rùn.

Ẹ̀kọ́ tí owó ẹyọ kọ́ wa

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, 20,000 ẹyọ sì ni ọ̀kẹ́ kan. Láyé àtijọ́, ẹyọ kéékèèké láti erékùṣù Maldives ni ó wọ́pọ̀, kò sì rọrùn láti kó wá. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹyọ ńláńlá láti Zanzibar wá sí etí òkun wa, tí wọ́n sì ń fi ra epo pupa. Ẹyọ wá pọ̀ bí iyanrìn, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ẹni tí ó tọ́jú ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sínú yàrá ṣì ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Olè kò jà á, iná kò jó o, síbẹ̀ ohun tí ó lè fi rà ti dín kù. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: iye owó yàtọ̀ sí owó fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ṣílè dé. Ní ọdún 1912 ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, London ni ibùjókòó rẹ̀ sì wà. Owó wa so mọ́ pọ́n-ùn wọn, a kò sì ní ohùn sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà gorí àlééfà: náírà méjì ni a fi rọ́pò pọ́n-ùn kan.

Ìgbà ọ̀pọ̀

Náírà bọ́ sí ayé tí ó ń yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1971, Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà kéde pé ìjọba òun kò ní fi wúrà pààrọ̀ dọ́là fún ìjọba ilẹ̀ mìíràn mọ́. Láti ìgbà náà ni iye owó àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ti ń lọ sókè sódò. Nígbà tí ogun Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1973, epo rọ̀bì tí à ń ta ní nǹkan bíi dọ́là 3 lórí àgbá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12 kí ọdún 1974 tó fìdí múlẹ̀. Owó ya wọ Nàìjíríà. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n dàgbà kò jẹ́ gbàgbé owó Udoji tí a pín ní ọdún 1975, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbàgbé bí iye ọjà ṣe sáré tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1980, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 55 ni a fi ń ṣẹ́ dọ́là kan. Bébà òkè òkun wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ bébà ti wà ní Jẹ́bà láti ọdún 1969, a sì ń gbèrò ti Ìwopin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Oku Iboku ní apá gúúsù ìlà-oòrùn. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni ẹ̀rọ wọn ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni èyí tí ó gùn tí ó sì yi nínú fọ́nrán igi tí a fi ń ṣe bébà ti ń wá. Àkókò tí owó wà lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a tọ́jú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí débi tí wọn yóò fi dá dúró. A kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èlé ga ní Amẹ́ríkà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979 ni Paul Volcker di olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Iye ọjà ń ga ní ilẹ̀ wọn, ó sì pinnu láti gbé èlé sókè kí owó tí ń yí káàkiri lè dín kù. Ní ọdún 1981, èlé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó a máa lọ síbi tí èlé bá ti pọ̀, nítorí náà ó ń sá lọ sí Amẹ́ríkà. Gbèsè tí àwọn ilẹ̀ tálákà jẹ pẹ̀lú dọ́là wá wúwo sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, Mexico sọ gbangba pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́.

Ìjì náà ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa kí ó tó di ìgbà náà, nítorí ọjà epo rọ̀bì ti dà rú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ṣe òfin láti dín ọjà òkèèrè kù. Ẹni tí yóò kó ọjà wọlé gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ìjọba kò fẹ́ kí iye náírà wálẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n dọ́là kò tó mọ́. Láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ di ọjà. Ẹni tí ó mọ ènìyàn ní ìjọba gbà á, ó sì lè tà á fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò rẹ̀ gan-an. Ọdún mẹ́rin ni a fi fa okùn yìí. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida ṣí ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ kọjá náírà 4 ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Àwa jókòó sídìí àgbọn fún ọdún mẹ́rin, a wá fẹ́ fò dé orí rẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Iye méjì fún dọ́là kan

Ó yẹ kí a ti kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1990, ìjọba tún di iye dọ́là mú ní náírà 22, nígbà tí ó ti kọjá náírà 80 ní ọjà gbangba. Ta ni ó ń rí ti náírà 22? Àwọn tí wọ́n sún mọ́ agbára ni. Atẹ̀wé tí ń lọ ra ríìmù bébà mélòó kan lọ́wọ́ oníbébà kò rí i rí. Iye ti ọjà gbangba ni ó ti wà lórí bébà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ewu mìíràn tún wà, èyí tí ó jẹ́ ti báńkì àti ti ọjà ṣíà. Ṣáájú ọdún 2008, ọ̀pọ̀ ènìyàn, olùkọ́ àti oníṣòwò, fi owó ìpamọ́ wọn ra ṣíà, àwọn mìíràn tilẹ̀ yá owó báńkì rà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, báńkì Lehman Brothers wó lulẹ̀ ní New York. Epo rọ̀bì tí ó ti tó dọ́là 147 ní oṣù keje bọ́ sí ìsàlẹ̀ dọ́là 40 kí ọdún tó parí. Iye ṣíà ní Èkó já ju ìdajì lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Báńkì Àpapọ̀ lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò, ó sì fi bílíọ̀nù 420 náírà gbé àwọn báńkì náà ró. Owó àwọn tí ó fi pamọ́ sí báńkì kò ṣègbé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yá owó ra ṣíà jẹ gbèsè ohun tí kò níye mọ́.

Ìgbà tiwa yìí

Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì tún já ní ọdún 2014, a di náírà mú ní nǹkan bíi 197 sí dọ́là kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016 a tú u sílẹ̀, ó sì kọjá 280. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Amẹ́ríkà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè, láti ẹ̀bá òdo títí ó fi kọjá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní òpin ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ wa pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000, owó tuntun kò sì tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ní àkókò ìdìbò tí ó jẹ́ ìgbà ìkórè fún atẹ̀wé, ènìyàn ń tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì láti gba owó ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, a tún tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bíi 470 kọjá 1,500 ní ọdún 2024. Láti dí ọ̀wọ́n ọjà lọ́wọ́, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé rẹ̀ láti 11.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ kékeré a sì máa ju èyí lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé títú náírà sílẹ̀ kò ha dun mẹ̀kúnnù ni? Ó dùn ún gidigidi. Ìbẹ̀rù ìrora yìí ni ó ń mú kí ìjọba di iye náírà mú, ìbẹ̀rù náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 1986, 2016 àti 2023. Dídì í mú kò gbé ìrora lọ. Ó kàn kó o jọ ni, ó sì fún àwọn díẹ̀ láǹfààní láti jèrè kí ó tó tú ká sórí gbogbo wa.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kékeré kan là á. Ká ní atẹ̀wé kan ra bébà ní náírà 100,000, ó ná 30,000 lórí òṣìṣẹ́ àti epo jẹnẹrétọ̀, ó sì gba 150,000 lọ́wọ́ oníbàárà. Ó rò pé òun jèrè 20,000. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ oníbébà, bébà kan náà ti di 140,000. Náírà 120,000 péré ni ó kù sí i lọ́wọ́. Èrè rẹ̀ ti di gbèsè. Bí a bá fẹ́ ṣírò ní àkókò ọ̀wọ́n, iye tí a ó fi ra òmíràn ni kí a wò, kí a má wo iye tí a fi ra ti àná nìkan. Ìdí sì nìyẹn tí iye ìwé fi ń yí padà kí sáà ẹ̀kọ́ kan tó parí. Kì í ṣe ìwọra ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí pẹ̀lú ọdún àti iye rẹ̀. Bí Báńkì Àpapọ̀ bá kéde èlé tuntun, kí wọ́n mọ ẹni tí yóò san án. Bí iye dọ́là ti ìjọba bá jìnnà sí ti ọjà gbangba, kí wọ́n mọ̀ pé ìjàm̀bá ń bọ̀ lọ́nà. Ìjọba pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ronú sí ọ̀rọ̀ bébà, nítorí orílẹ̀-èdè tí kò lè ṣe bébà ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ẹ̀kọ́ wọn sí abẹ́ ọjà dọ́là.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ogun yìí ti ń fọn fèrè kí ó tó dé. Ó dìgbà kan ná o.