Iṣẹ́ Àkànṣe Ifẹ̀ fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀
Ìwádìí tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́, láti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọdé fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa ló ṣáájú rẹ̀. Ford Foundation ló fowó tì í lẹ́yìn. Ìwé tó yẹ kò sí nílẹ̀, nítorí náà àwọn olùwádìí kọ ìwé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ fúnra wọn. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn ọmọ mìíràn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn ò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀rí yìí ṣì jẹ́ òpó pàtàkì fún àwọn tó ń jà fún èdè abínibí nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé.