Band on the Run: Bí wọ́n ṣe gba àwo orin rọ́ọ̀kì kan sílẹ̀ ní Àpápá

Band on the Run ni àwo orin kẹta tí ẹgbẹ́ Wings ṣe. Oṣù Kejìlá ọdún 1973 ló délé àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀, ní situdíò ilé iṣẹ́ àwo orin EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá, láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Láti ìgbà yẹn, àwọn olólùfẹ́ Paul McCartney kò yéé bi í: kí ló gbé e dé Èkó, ta ló lu ìlù, ṣé lóòótọ́ ni olè dá a lọ́nà, kí ni òun àti Fẹlá ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́? Ó ti dáhùn títí, ìdáhùn náà sì ti di ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àlejò la ti gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní àjòjì lójú, kò fi ríran.

Ọdún 1970 ni The Beatles tú ká. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Paul tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kó ẹgbẹ́ tuntun, Wings, jọ: òun, Linda ìyàwó rẹ̀, Denny Laine tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Moody Blues tẹ́lẹ̀, àti Denny Seiwell, onílù ará Amẹ́ríkà. Henry McCullough, atagìtá láti Àríwá Ireland, dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1972. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, wọ́n kó sínú ọkọ̀, wọ́n ń ya ilé ẹ̀kọ́ gíga káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìkéde, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Pẹ́ńsì 50 ni owó ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn eré, wọ́n á da owó ẹyọ náà sílẹ̀, wọ́n á sì pín in lọ́gbọọgba. Ẹni tó ti ṣeré níwájú ẹgbẹẹgbàárùn-ún èèyàn ní pápá ìṣeré Amẹ́ríkà ló tún padà ń ka ṣílè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà ìfẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ owó wọ̀ ọ́. Wọ́n ní pọ́n-ùn 70 lọ́sẹ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan àwọn tó bá Paul ṣiṣẹ́ ń gbà, kò sì sí ìwé àdéhùn kankan. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ jùjú àti háíláìfù ṣe ń rìn nílé wa kò ní yanu sí èyí: ọ̀gá ló ni orúkọ, ọ̀gá ló ni ohun èlò, báńdì bọ́ìsì ń gba owó ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n ni Wings ń jẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àti orin pẹ̀lú: nígbà tí wọ́n ń gba "My Love" sílẹ̀, tí àwọn onígòjé ti jókòó tán, McCullough bẹ Paul pé kí ó jẹ́ kí òun ta gìtá bó ṣe wá sí òun lọ́kàn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Paul gbà. Ohun tó ta lọ́jọ́ náà ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orin yẹn dòní. Kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà ẹ̀rùn 1973, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì lóko Paul ní Scotland, ìjà ṣẹlẹ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí ó ta gìtá nínú orin kan. McCullough kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wọ bàálù, Seiwell náà tẹ Paul láago pé òun kò bá wọn lọ mọ́.

Èkó ńkọ́? EMI ní situdíò káàkiri àgbáyé nígbà náà. Ó ti sú Paul láti máa gbohùn sílẹ̀ ní London, ó ní kí wọ́n fún òun ní orúkọ àwọn ibi tí ilé iṣẹ́ náà ti ní situdíò, ó sì mú Èkó nínú rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, wọn ó máa yá oòrùn létí òkun lọ́sàn-án, wọn ó máa ṣiṣẹ́ lálẹ́. Ọmọ Èkó kan ì bá ti sọ fún un pé oṣù Kẹjọ kọ́ là ń wá oòrùn wá síbí. Ìlú tó bá nìyí: ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìjọba ológun Gowon ló wà lórí àlééfà, náírà kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ àwọn èèyàn, àwọn awakọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tí ìjọba ní kí wọ́n máa gbà láti oṣù Kẹrin 1972. Ìkẹjà, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, ni wọ́n gba ilé méjì sí. Paul, Linda àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta wà nínú ọ̀kan. Denny Laine, ìyàwó rẹ̀, ẹnjiníà àti àwọn òṣìṣẹ́ méjì wà nínú èkejì. Láti Ìkẹjà ni wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní Àpápá, ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí situdíò yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn àwọn òyìnbó ti máa ń fi Èkó ṣe yẹ̀yẹ́. Lóòótọ́, tábìlì tí wọ́n fi ń darí ohùn ní àbùkù, ẹ̀rọ téèpù kan ṣoṣo ló sì wà, Studer tó ní ọ̀nà 8. Téèpù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́jọ, a sì lè gba ohùn ọ̀tọ̀ sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlù lè gba méjì, béèsì ọ̀kan, gìtá méjì, dùùrù ọ̀kan. Kí akọrin tó lanu, téèpù ti fẹ́ẹ̀ kún. Bó bá kún, ẹnjiníà á da mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sórí ọ̀nà kan kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Ohun tó bá ti dà pọ̀ báyìí kò ṣe é yà mọ́: bí gìtá bá bo dùùrù mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó bò ó mọ́lẹ̀ títí ayé nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ ti mọ bí òpin orin yóò ṣe dún kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní London nígbà náà, ọ̀nà 16 ni àwọn situdíò ńlá ń lò, ìdí nìyẹn tí Àpápá fi dà bí ìyà lójú wọn. Ṣùgbọ́n Geoff Emerick, ẹnjiníà tó bá wọn wá, òun náà ló bá The Beatles gba Revolver àti Sgt. Pepper sílẹ̀, orí téèpù ọ̀nà 4 ni wọ́n sì ti ṣe méjèèjì. Ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fi ṣe Sgt. Pepper ló wà níwájú wọn ní Wharf Road. Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ọwọ́ èèyàn ni ohun tó wọ́n wọn. Paul fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ìlù. Denny Laine mú gìtá, Linda wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, àwọn mẹ́ta yìí á kọ́kọ́ gba egungun orin sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Paul á gbé béèsì, á fi kún un, á tún mú gìtá, á fi kún un. "Mamunia", orin tó dá lórí òjò, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Paul ti sọ ọ́ rí pé Keith Moon, onílù ẹgbẹ́ The Who, bi òun léèrè ta ló lu ìlù inú àwo náà. Ẹni bá fetí sí i dáadáa á gbọ́ ọ: ìlù náà kì í ṣe àrà, ó ń tẹ̀ lé béèsì lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, nítorí ọkàn kan náà ló ń darí méjèèjì. Èrò tèmi ni pé bí McCullough àti Seiwell bá wọ bàálù yẹn, àwo mìíràn là bá máa gbọ́ lónìí, kò sì dájú pé ì bá sàn jù èyí lọ.

Olè dá Paul àti Linda lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi dá wọn dúró. Linda ń pariwo pé kí wọ́n má pa ọkọ òun, olórin ni. Wọ́n gba ohun ìní wọn, títí kan ìwé tí orin wà nínú rẹ̀ àti kásẹ́ẹ̀tì tí Paul ti fi ohùn àwọn orin náà sí. Orí ló fi rántí wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, èémí rẹ̀ ṣàdédé há nínú situdíò, ó dákú. Dókítà ní sìgá àmujù ló fà á. Ìròyìn méjèèjì yìí ni wọ́n máa ń fi ṣe orí ìtàn náà. A ti gbọ́ wọn.

Ohun tí wọn kì í sọ púpọ̀ ni pé orin rọ́ọ̀kì ti wà ní Èkó kí wọ́n tó dé. Ní ọdún 1973 yẹn gan-an, EMI Nàìjíríà gbé Chapter One jáde, àwo ẹgbẹ́ BLO, tí Berkley Jones, Láolú Akíntóbi àti Mike Gbénga Odùmósù jọ ń ṣe. Ọdún náà ni Try and Love ti Ofege jáde pẹ̀lú. Ọmọ ilé ìwé ni àwọn Ofege, St. Gregory's College ní Ọbaléndé ni wọ́n wà. Odion Iruoje tó ń darí iṣẹ́ orin ní EMI ló mú wọn wọ situdíò. Fẹlá gbé Gentleman jáde lábẹ́ EMI lọ́dún kan náà. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tó di 1971, Fẹlá ti lọ sí Abbey Road, situdíò EMI ní London, inú ilé tí The Beatles ti ń ṣiṣẹ́, ó gba Fela's London Scene sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí Paul gbà wá sí Àpápá, Fẹlá ti gbà á lọ sí Abbey Road ṣáájú.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ìjà Fẹlá àti Paul sí ìwà ipá. Paul lọ sí Shrine, ilé ijó Fẹlá, ó gbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun sunkún nítorí bí orin náà ṣe dùn tó. Kò pẹ́ ni Fẹlá, tí orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ Ransome-Kuti, fẹ̀sùn kàn án ní gbangba pé ó wá jí orin Áfíríkà. Ó wá bá a ní situdíò. Paul tan téèpù fún un, Fẹlá gbọ́ pé kò sí ohun Èkó kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fi Fẹlá ṣe oníjàgídíjàgan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Jimmy Scott, ọmọ Nàìjíríà tó ń lu kọ́ńgà ní London. Gbólóhùn tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ni The Beatles fi ṣe "Ob-La-Di, Ob-La-Da" ní 1968. Scott ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan nínú owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé nítorí pé kò san owó ìtọ́jú ìdílé rẹ̀, Paul gbà láti san owó lọ́yà rẹ̀, kìkì bí ó bá jáwọ́ nínú ẹ̀tọ́ tó ń béèrè. Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí kò ní ka ìbẹ̀rù Fẹlá sí àsọdùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà bí sí ló dùn mí. Paul sọ lẹ́yìn náà pé ó ti wà lọ́kàn òun láti lo àwọn olórin ibí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti ní olè lòun, òun kúkú ṣe é fúnra òun. Báyìí ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi wà ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò sí ọmọ Èkó kan tó lùlù nínú àwo náà. Ìgbà tó padà dé London ni Remi Kábàká, ọmọ Nàìjíríà, wá lùlù nínú "Bluebird".

Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, ló bá wọn dá sí i nígbà tí wọ́n wà ní Nàìjíríà. Ó ti wa Land Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971; ó bá Fẹlá ṣe àwo, ó kó ẹgbẹ́ Salt jọ pẹ̀lú àwọn tó di BLO àti àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ó sì kọ́ situdíò tirẹ̀, ARC, sí Ìkẹjà. Ó fẹ́ kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ náà wá sọ́dọ̀ òun; ọjọ́ kan péré ni Paul fún un. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba "Picasso's Last Words" sílẹ̀. Agolo tí òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ ni Baker mì nínú orin náà, ọ̀kan lára àwọn onílù tó lórúkọ jù láyé.

Wọ́n padà sí London ní apá ìparí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì bá lẹ́tà kan nílé: EMI ti kọ ọ́ kí wọ́n tó lọ, pé kí wọ́n má lọ, àrùn onígbáméjì wà ní Èkó. Ní situdíò AIR ni Tony Visconti ti fi gòjé àti fèrè kún àwọn orin náà, tí Howie Casey fọn sakisofóònù. Orin "Band on the Run" fúnra rẹ̀ pín sí méjì: Èkó ni wọ́n ti gba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, London ni wọ́n ti gba ìparí. Nígbà tí ọdún 1974 fi máa parí, kò sí àwo situdíò tó tà tó o ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, Emerick sì gba àmì ẹ̀yẹ Grammy lórí bó ṣe gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń bú yẹn ló ṣe é.

Linda kú ní 1998, Fẹlá ní 1997, Emerick ní 2018, Baker ní 2019, Laine ní 2023. Àwọn tó ń yí téèpù ní Wharf Road, àwọn tó ń tẹ àwo lẹ́yìn situdíò, àwọn awakọ̀ tó ń gbé wọn láti Ìkẹjà, àwọn kan nínú wọn yóò ṣì wà láyé, àgbàlagbà ni wọ́n yóò jẹ́. Bí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣiṣẹ́ ní EMI Àpápá nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù yín.