Ìrúkèrúdò ní Dàhòmì àti Ìhà Tí Niger Kọ sí I, 1963

Bí ará ìlú kan bá lé olórí wọn kúrò lórí àga, oorun kì í kun ọba aládùúgbò mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti Ìgbẹsà tí a jókòó sí yìí, ẹnubodè Ìdìrókò kò jìnnà, Dàhòmì àtijọ́, tí ó di Benin ní 1975, ni ó sì wà lódìkejì rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ará ìlú tú síta ní Kútọnu. Wọ́n yanṣẹ́ lódì, wọ́n sì wọ́de, títí Ààrẹ Hubert Maga fi bọ́ lórí oyè tí Ọ̀gágun Christophe Soglo sì gba ìjọba ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Kí ọdún tó parí, ìjọba Hamani Diori ní Niger ti ń lé àwọn ará Dàhòmì jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n: akọ̀wé, olùkọ́, àwọn tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ ọba níbẹ̀ láti ìgbà àwọn Faransé.

A máa ń gbọ́ pé ọ̀ràn Lété, erékùṣù kan láàárín Odò Ọya, ló dá ìjà náà sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Lété ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, orílẹ̀-èdè méjèèjì sì ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Conseil de l'Entente láti 1959. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rù ń ba Diori. Ó ti fòfin de ẹgbẹ́ Sawaba ti Djibo Bakary ní 1959. Ó wá fojú rí i bí òṣìṣẹ́ lásán ṣe ń yọ ààrẹ. Àwọn ọmọ Niger tí wọ́n kàwé pẹ̀lú sì ń wá iṣẹ́ tí àlejò wà nídìí rẹ̀. (Àwa tí Ghana lé àwọn èèyàn wa ní 1969, tí àwa náà lé tiwọn ní 1983, kò yẹ kí a máa na ìka sí Niger nìkan.)

Àwọn tí wọ́n lé ńkọ́? Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Dàhòmì ní Abidjan ní 1958. Ìjọba tuntun tí ìyanṣẹ́lódì bí, tí owó ìṣúra rẹ̀ gbẹ, ni wọ́n tún wá kó àwọn aláìníṣẹ́ wọ̀nyí lé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Niger kò ní etíkun. Ẹ̀pà rẹ̀ ń gba Kútọnu kọjá; ó lè lé olùkọ́, kò lè lé ọ̀nà. Ìbínú náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lété ni kò rí ìdájọ́ títí di 2005, nígbà tí ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní ìlú Hague fi í fún Niger.

Ní oṣù Kejì ọdún 1990, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de mìíràn, Mathieu Kérékou gbà kí wọ́n ṣe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Ìròyìn rẹ̀ gba ẹnubodè kan náà kọjá. Àwọn ará Niger béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba wọn, àpérò tiwọn sì bẹ̀rẹ̀ ní Niamey ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1991.